Atalẹ̀ Tí Kò Sí Lọ́wọ́ Pechiammal

Ohun tí wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀rọ omi ládùúgbò wa ni pé Pechiammal ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi atalẹ̀ pupa pa ara. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn já sí. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án, tí iwájú orí rẹ̀ ti ṣófo láti ìgbà náà láìsí àmì tí àwọn abilékọ ń fi síbẹ̀, tí kì í fi òdòdó sírun mọ́, tó bá wá jí lọ́jọ́ kan tó lọ atalẹ̀ pa ojú, a jẹ́ pé ọkùnrin ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tilẹ̀ ti bá a wá ọkùnrin ọ̀hún: wọ́n ní awakọ̀ iyọ̀ kan ni, tó máa ń dúró mu tíì níwájú ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí Pechi ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní atalẹ̀ tó fi ń ṣoge fún un ló kó wọnú iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, tó ba gíláàsì wọn jẹ́, tí wọ́n fi lé e dànù.

Irọ́ ni. Kò sí awakọ̀ kankan, kò sí oge kankan. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ti Pechi. Bó bá fẹ́ lọ atalẹ̀, ọlọ mi ni ì bá wá yá. Apá kan péré ló jẹ́ òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀: atalẹ̀ ba gíláàsì jẹ́ lóòótọ́, wọ́n sì fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fi atalẹ̀ síbẹ̀? Ìyẹn làwọn elékèé ìdí omi ò dúró gbọ́.

Inú oko iyọ̀ ni wọ́n bí Pechi sí, ní gúúsù ìlú Thoothukudi, níbi tí omi òkun ti ń gbẹ di iyọ̀ lábẹ́ oòrùn. Baba rẹ̀ ń wọ́ iyọ̀ jọ, ìyá rẹ̀ ń rù ú. Ìwé márùn-ún ló kà kí wọ́n tó gbé agbọ̀n lé òun náà lórí. Ó máa ń sọ pé ojú òun ti kọ́ṣẹ́ kí ọwọ́ òun tó kọ́ ọ. Ó ní òun ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ tí òun ti lè dúró lókèèrè, kí òun wo bí òkìtì iyọ̀ ṣe ń kọ mànà nínú oòrùn, kí òun sì sọ pé eléyìí mọ́, tọ̀hún ní iyanrìn nínú. Nígbà tó dàgbà, ó fẹ́ Sudalaimuthu tó ń fi ọkọ̀ gbé ẹja lọ sí Madurai. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n bí, ó ti wà nílé ọkọ báyìí. Pechi jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lẹ́yìn ìlú gbà á pé kó máa gbálẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n rí i pé ibi tí Pechi bá gbá, adìyẹ ò lè fẹsẹ̀ họ ohun kan níbẹ̀. Ni wọ́n bá mú un wọ yàrá ìwádìí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní kó máa fọ gíláàsì.

Bó ṣe ń ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀hún fún mi nìyí. Síǹkì tí wọ́n ń fi bo páànù orí ilé wa, ìyẹ̀fun funfun kan ń ti ara rẹ̀ jáde. Òun ni wọ́n ń pò mọ́ ìpara tí a fi ń pa ọmọ tí ooru bá sú sí lára. Àwọn ọ̀mọ̀wé inú yàrá yẹn a máa mú kí ìyẹ̀fun náà hù lórí gíláàsì pẹlẹbẹ nínú omi gbígbóná, bí koríko ṣe ń hù. Ọ̀pá tínńtínní ni ó ń hù. Bí ẹgbẹ̀rún wọn bá tò síra, ìbú irun orí kan ni. Wọ́n a sì fi bàbà sínú omi náà, díẹ̀ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀, torí bàbà ló ń pa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà. Bí wọ́n bá wá tan iná elésè àlùkò sí gíláàsì náà nínú òkùnkùn, á máa dán ní àwọ̀ ewé, bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú. Bí òórùn ẹja tó ti ń bàjẹ́ bá fẹ́ lù ú, ìmọ́lẹ̀ náà á rẹlẹ̀. Bí ẹja bá ṣe rà tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń kú tó. Ohun tí wọ́n ń wá ni gíláàsì agbóòórùn tí ènìyàn lè gbé dání ní èbúté, kí wọ́n yé fi imú lásán ra ẹja.

Ṣùgbọ́n koríko yẹn kì í hù lórí ọ̀rá. Bí ọ̀rá ìka kan péré bá wà lórí gíláàsì, àwọn ọ̀pá ọ̀hún ò ní dì í mú níbẹ̀. Wọ́n á ṣí kúrò bí ìpẹ́ ẹja. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ Pechi fi wúlò. Á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á ki í bọ ásíìdì, á fi omi tí wọ́n gbà lára oru omi híhó ṣàn án, á wá fi sípíríìtì parí rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé gíláàsì dúró, yóò da omi lé e lórí. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀, ó mọ́. Bí omi bá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ tó ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń padà sínú ọṣẹ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi èyí kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló wò ó títí tó fi mọ̀ ọ́n.

Olórí yàrá náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thiraviyam, ọkùnrin fẹ̀ǹtẹ̀, tí kì í ké mọ́ni, tí kì í sì í wo ojú ẹni tó bá ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Kanimathi ti ń ṣe ìwádìí tó fẹ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ọmọdébìnrin ni Kani, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, okùn ìgbéyàwó tó wà lọ́rùn rẹ̀ ṣì pọ́n dẹ̀dẹ̀ fún atalẹ̀ tí wọ́n fi pa á. Akka ló ń pe Pechi, bí ènìyàn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀. Òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yàrá yẹn.

Oṣù kẹwàá dé, ọjọ́ ìbọ irinṣẹ́ sì pé. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń fi irinṣẹ́ ṣiṣẹ́. Awakọ̀ á fọ ọkọ̀ rẹ̀, télọ̀ á nu ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn ọmọléèwé á to ìwé wọn jọ síwájú òrìṣà, wọ́n á wá fi atalẹ̀ àti ìyẹ̀fun igi olóòórùn dídùn sàmì sára ohun gbogbo. Ní yàrá ìmọ́lẹ̀, Pechi ló fọ gbogbo nǹkan ní ọjọ́ tó ṣáájú, títí dórí ẹsẹ̀ tábìlì. Nígbà tí ọjọ́ wá pé, ìta ló dúró sí, lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó jáde, kò sì sẹ́ni tó ní kó wọlé. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi atalẹ̀ ṣe ohun ayọ̀, opó mọ àyè ara rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀wà sísè fún un lórí ewé, ó jẹ ẹ́, ó lọ sílé.

Láti ọjọ́ tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni nǹkan ti dàrú. Gíláàsì àkọ́kọ́ tí Kani hu koríko lé lórí ṣí. Èkejì ṣí. Ẹ̀kẹta fín bí ara adẹ́tẹ̀. Ẹ̀kẹrin tilẹ̀ dì mú níbì kan, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ẹja rírà sí i, kò mira, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dúró gbagidi bí ẹni tí imú dí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìgbìmọ̀ èbúté ẹja ń bọ̀ wá wò ó ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Kani ń sunkún sínú ìborùn rẹ̀. Ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bá kó gíláàsì tí wọn ò tíì fi ṣe nǹkan kan jáde nínú àpótí, ó gbé e sábẹ́ iná elésè àlùkò, ó wò ó. Ojú ìka ló rí lórí wọn, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń tàn bí ojú ológbò. Ẹni tó bá ti mọ iná yẹn mọ̀ pé atalẹ̀ nìkan ló ń tàn bẹ́ẹ̀ nínú ohun tó wà nílé ìdáná gbogbo wa.

Ó ní, “Atalẹ̀ ni. Àwọn obìnrin. Ta ló ń fọ gíláàsì?”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó lọ sí ọ́fíìsì, ó ní kí wọ́n kọ ìwé.

Masilamani akọ̀wé ló gbé ìwé náà wá bá Pechi nídìí kòtò ìfọ-gíláàsì, òun àti páàdì yíǹkì aláwọ̀ búlúù. Pechi nu ọwọ́, ó gba ìwé, ó kà á. Ìwé náà ní òun Pechiammal fi ọwọ́ alátalẹ̀ ba gíláàsì ìwádìí jẹ́, òun jẹ́wọ́, òun sì tọrọ àforíjì. Bó bá fọwọ́ sí i, wọ́n á jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ, wọ́n á kàn máa ṣọ́ ọ ni. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kó má wá lọ́jọ́ kejì, kó má wá mọ́ láéláé.

Masilamani ṣí páàdì. “Tẹ̀ ẹ́ síbí, Pechi, ká rí i parí. Àtàǹpàkò kan péré ni.”

“Mo lè kọ orúkọ mi.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́.”

“Mo ní mo lè kọ ọ́. Mi ò ní mo fẹ́ kọ ọ́.”

Ó ká ìwé náà, ó fi sínú àpò tó ń gbé oúnjẹ, ó sì padà sídìí gíláàsì tó ń fọ̀ lọ́wọ́. Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti lẹ ìkìlọ̀ mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ atalẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń kà á. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fò dé ìdí ẹ̀rọ omi, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fi ọkùnrin kún un.

N ò ní purọ́, èmi gan-an wà lára àwọn tó ní kó fọwọ́ sí i. Mo ní, ṣé nítorí ìlà mẹ́ta lórí bébà ni ìwọ fẹ́ fi iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún sílẹ̀, ìwọ tí ó ku ọdún díẹ̀ kí o fẹ̀yìn tì? Ta ni yóò gbà ọ́ síṣẹ́ ní ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta? Ó ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú ìrẹsì, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, “Bí mo bá fọwọ́ sí i, ọkùnrin ìdí omi yín ti di òótọ́ nìyẹn. Lọ wá a wá o, kó wá máa bá mi sanwó iná.”

Ó yarí kanlẹ̀. Kò sí ọ̀nà tí a ò gbé e gbà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Kani wá sí ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, Akka, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni. Ó ní okùn ọrùn òun ni, pé òun máa ń fọwọ́ kàn án láìmọ̀, pé òun mọ̀ pé Akka kì í fọwọ́ kan atalẹ̀, ẹ̀rù ló bà òun tí òun ò fi lè sọ ọ́ níwájú Sà, bí wọ́n ti ń pe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Pechi wo okùn náà, ó wo ọwọ́ ọmọ náà. Ó bi í léèrè bóyá ọrùn ló fi ń kọ́ gíláàsì rọ̀. Ó ní òun yọjú wo àwọn gíláàsì wọ̀nyẹn lábẹ́ iná kí òun tó kúrò níbi iṣẹ́, ìka tó wà lórí wọn tóbi ju ìka Kani lọ ní ìlọ́po méjì. Ó wá bi í ní ohun tí kò sẹ́ni tó tíì bi ẹnikẹ́ni: lọ́jọ́ ìbọ irinṣẹ́, nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ni wọ́n ṣe nínú yàrá?

Kani ro ó, ó ní kò sí ohun tó yàtọ̀. Sà fi àmì sí ara ààrò gíláàsì, ó fi sí ara ẹ̀rọ ìwòran, ó fi sí ẹ̀mú. Ó wá gbójú sókè. Ó ní Sà ṣí àpótí gíláàsì mímọ́ náà, pé kí ìbùkún dé ibẹ̀, ó sì fọwọ́ to àwọn gíláàsì náà kí wọ́n lè jókòó dáadáa.

“Ọwọ́ wo?”

“Ọwọ́ tó fi ń po atalẹ̀, Akka.”

Pechi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kani fẹ́ dìde kó lọ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Pechi fà á jókòó. Ó ní kó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́, pé oyè rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, pé ọmọ tó bá sọ ọ́ sí i lójú pé ọwọ́ rẹ̀ ló bà á jẹ́ lè lo ọdún mẹ́wàá mìíràn nídìí ìwádìí. Ó ní kò sí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀, iná ni yóò sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ní Ọjọ́bọ̀, Pechi lọ síṣẹ́ ní agogo mẹ́jọ bó ti ń ṣe. Wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ó tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ẹnu ọ̀nà gan-an, ó jókòó. Ó jẹ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ níbẹ̀, ó bó àlùbọ́sà níbẹ̀. Agogo márùn-ún lù, ó ká àpò, ó lọ sílé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọléèwé ń gbẹ́sẹ̀ sókè kọjá lórí itan rẹ̀. Masilamani wá bẹ̀ ẹ́ pé kó sún sẹ́yìn díẹ̀, torí àwọn àlejò. Pechi ní àwọn àlejò ò tíì dé, bí wọ́n bá dé òun á kí wọn.

Nínú yàrá, nǹkan ò rọgbọ. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì máa fọ gíláàsì. Wọ́n fọ̀ ọ́ láti òwúrọ̀ dọ́sàn-án. Nígbà tí Kani da omi lé e, omi náà ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́rẹwẹ̀rẹ.

Ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bá ránṣẹ́ pe Pechi ní àárọ̀ Sátidé. Òun, Kani àti Masilamani ló wà nínú yàrá. Ìwé tuntun wà lórí tábìlì, ohun kan náà ló wà nínú rẹ̀.

“O ti ṣetán láti fọwọ́ sí i báyìí?”

“Ẹ fa aṣọ dúdú yẹn bo fèrèsé, Sà, kí ẹ tan iná àlùkò, kí ẹ wo ọwọ́ mi. Bí ẹ bá rí atalẹ̀ níbẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Mo tún tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé e fún Masilamani.”

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó fa aṣọ. Iná tàn. Pechi na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, ó yí wọn síwá sẹ́yìn. Èékánná rẹ̀ mọ́ rokoṣo, etí aṣọ rẹ̀ funfun sì ń tàn bí òfuurufú nítorí ọṣẹ ìfọṣọ. Kò sí àwọ̀ atalẹ̀ kankan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, “Ọjọ́ mẹ́wàá ti kọjá. O ti wẹ̀ ẹ́ nù.”

“Òótọ́ lẹ sọ. Ọwọ́ ń wẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí kì í wẹ̀.”

Ó fi aṣọ mú ẹ̀mú tí wọ́n fi ń gbé gíláàsì, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ iná. Ìdimú rẹ̀ gbiná yòò, ó pọ́n bí ìtànná. Masilamani sún mọ́ ọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ẹ̀mú náà, ó yíjú sí Kani, ojú rẹ̀ bọ́ sí okùn ọrùn ọmọ náà. Ó ní òun ti mọ̀, ìyàwó tuntun, òun ti sọ ọ́ pé àwọn obìnrin ni. Kani fọwọ́ bo okùn náà.

Pechi ní, “Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, Sà. Ó ku àpótí.”

Ó gbé àpótí wá, ó ṣí i, ó yí inú ìdérí rẹ̀ sókè sí iná. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ìka mẹ́ta tó nípọn ló fà wọ́n, ojú àmì róbótó kan sì wà láàárín, ó tó owó rúpìì. Ó ń tàn kedere. Irú àmì náà gan-an ló wà lára ààrò, òun ló wà lára ẹ̀rọ ìwòran, òun ló wà lára ọkọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n tó dúró níta. Kò sẹ́ni tó ń fi àmì sí nǹkan nínú yàrá yẹn bí kò ṣe olórí yàrá.

Masilamani ń wo bàtà ara rẹ̀.

Pechi ò gbé ohùn sókè. “Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbé gíláàsì lé yín lọ́wọ́, Sà. Ẹ wo ojú mi. Ẹ tan iná funfun kí ẹ wò ó dáadáa. Ta ni nínú ilé yìí tó ti fún mi ní atalẹ̀ láti ọjọ́ tí Sudalaimuthu ti kú? Ọjọ́ tí ẹ̀ ń fi pa irin, ìta ni mo wà. Ẹ ò gbà mí láyè láti fọwọ́ kàn án, ẹ wá ní ọwọ́ mi ló bà á jẹ́.”

Kani ló lọ tan iná funfun. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó. Kani sọ fún mi pé ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò, pé ojú ń tì í, ó sì dà bí ẹni tó ń wá ojú àmì ní iwájú orí obìnrin náà tí kò rí i. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Ẹ jókòó, Amma.”

Ó pè é ní ìyá, ṣùgbọ́n Pechi ò jókòó. Ọkùnrin náà ní ó ti tán, kó lọ máa fọ gíláàsì, àkókò ò sí, ọjọ́ Ajé ti dé tán. Ó fa ìwé orí tábìlì ya sí méjì. Ẹlòmíràn á ti sáré lọ sídìí kòtò ìfọ-gíláàsì. Pechi ní orúkọ òun ṣì wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà, pé ibi tí wọ́n ti fi òun sùn ni kí wọ́n ti fi òun jí. Kí wọ́n kọ ìwé mìíràn síbẹ̀, kí òun kà á ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àpò ìrẹsì òun wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́. Masilamani gbé e jáde wá fún un. Ìwé náà ní wọ́n ti dárí ji Pechiammal. Pechi dá a padà, ó ní kó bá òun bi wọ́n, kí ni òun ṣe tí wọ́n fi dárí jì òun? Ìwé kejì dé. Ó ní kò dá ẹnikẹ́ni lójú ẹni tó jẹ̀bi. Pechi ní ó dá àpótí lójú. Masilamani ti ń làágùn.

“Pechi, ìwé mélòó lo tilẹ̀ kà?”

“Márùn-ún. Ẹni tó kọ eléyìí ló kà jù.”

Ìwé kẹta ló gbà. Ó ní atalẹ̀ tó ba gíláàsì jẹ́ kò ti ọwọ́ Pechiammal wá. Ọjọ́ ìbọ irinṣẹ́ ni ó wọnú àpótí, nígbà tí Pechiammal kò sí nínú yàrá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ìka tẹ̀lé e. Kò ní kí wọ́n dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹni tó bá lójú á rí i. Ó tẹ̀lé Masilamani dé ìdí pátákó, ó dúró tì í títí tó fi kan ìṣó ẹlẹ́kẹrin, ó sì ní kó ṣí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ló wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó fi sípíríìtì nu ẹ̀mú. Ó ju àpótí àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé àpótí ike tuntun wá. Gíláàsì ogún ló fọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, omi tẹ́ lórí gbogbo wọn. Kani gbé wọn bọ omi gbígbóná ní ọjọ́ Àìkú, koríko hù.

Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ará èbúté dé, ọkùnrin mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn ń fi aṣọ bo imú nítorí ẹja ọjọ́ mẹ́ta tí Kani gbé sínú àwo. Wọ́n fa aṣọ dúdú. Gíláàsì tàn bí ewé tútù. Kani ṣí àwo ẹja, ìmọ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ó rẹlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó gbé àwo kúrò, ó fẹ́ atẹ́gùn mímọ́ sí i, ìmọ́lẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó fi aṣọ bo imú ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún wọn pé wọ́n ti ní ìdààmú kékeré kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé ó ti yanjú. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pechi gbọ́ ọ láti ìdí kòtò ìfọ-gíláàsì, ó da omi lé gíláàsì tó kù.

Kani máa gba oyè rẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Nídìí ẹ̀rọ omi, ọkùnrin awakọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu wọn, torí irọ́ ò ní pátákó tí a lè lẹ ìwé mọ́. Pechi gbé garawa rẹ̀ síwájú láàárín wọn, ó ń bèèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ni orúkọ rẹ̀ ná, kí òun lè mọ orúkọ tí òun á máa pè é.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Masilamani wá sílé rẹ̀. Ó ní ọ́fíìsì ń wá ìwé ìtọrọ àforíjì àkọ́kọ́ tí òun gbé fún un nídìí kòtò, pé Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ kí wọ́n fa ìyẹn náà ya, kí ọ̀rọ̀ lè parí. Pechi ní òun ò mọ ibi tó wà. Nígbà tí akọ̀wé lọ tán, mo bi í, mo ní ṣé ó ti sọnù lóòótọ́ ni.

Ó ní, “Ó wà nínú àpótí aṣọ mi, ó wà lábẹ́ ìwé ìgbéyàwó mi. Wọn ò ní rí i fà ya. Ẹni tó bá tún fẹ́ kọ irú rẹ̀ fún mi, màá gbé e fún un, kó wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n fàlà sí pé kí n kọ orúkọ mi. Ó ṣì ṣófo.”